Oníbodè Tí Kò Lè Tẹríba fún Ẹ̀fọ́

Ẹ̀rín tí ẹ ó rín lónìí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi o. Oníbodè Ìyàndá ti ìlú Ìdí-Ìyeyè ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé. Tèmi ni kí n ròyìn rẹ̀, kí n sì gbìyànjú kí ẹ̀rín má pa mí kí n tó ròyìn tán.

Ìdí-Ìyeyè jẹ́ ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Èèyàn á kọjá Akínyẹlé díẹ̀ kó tó débẹ̀. Ayé ogun ni ayé ìgbà náà. Ìlú tó bá mọ ohun tó ń ṣe a fi erùpẹ̀ mọ odi yí ara rẹ̀ ká, a gbẹ́ yàrà sẹ́yìn odi, a sì fi ẹnubodè kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde. Ẹni tó ń jókòó sẹ́nu bodè yìí, tó ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò fún olóyè tó ni ìlú náà lábẹ́ n'Ìbàdàn, òun là ń pè ní oníbodè. Ìyàndá fúnra rẹ̀ ló tún là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá ru irè oko kọjá yóò fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ju kéèyàn jókòó kó sì na ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bí Ìyàndá ti ń ṣe é, ẹ ó rò pé òun ló ń ti oòrùn jáde láàárọ̀ ni.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí Ìyàndá bá ń ti ilé bọ̀ lẹ́nu bodè, ọ̀nà tí kò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè ju òkúta dé, Yésúfù ni yóò ṣáájú rẹ̀. Yésúfù yìí kò ní oko, kò ní ọjà, kò sì mọ iṣẹ́ kankan lábẹ́ ọ̀run àfi kó máa yin Ìyàndá. Iṣẹ́ náà sì ń bọ́ ọ yó.

"Ẹ yàgò! Ẹ yàgò!" ni yóò máa pariwo. "Ìyàndá ń bọ̀! Ìyàndá tó bá tìlẹ̀kùn, Ọ̀yọ́ ò rí Ìbàdàn mọ́! Ìyàndá tó wúkọ́ lánàá, tí àwọn ará Akínyẹlé ń ká aṣọ wọlé pé òjò ń bọ̀!"

Ìyàndá a dúró díẹ̀, a ní, "Yésúfù, ó tó." Yésúfù náà mọ̀ pé ohun tí baba ń wí ni pé kò tíì tó.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè kú, àga rẹ̀ sì ṣófo. Ẹni tí Olóyè Akínwándé, olóyè tó ni ìlú náà n'Ìbàdàn, bá tọ́ka sí ni yóò jókòó síbẹ̀. Ẹ gbọ́, Ìyàndá fẹ́ àga yìí débi pé ó ti ń dáhùn sí "Baálẹ̀" lójú oorun. Ìyàwó rẹ̀, Àbíkẹ́, ló sọ bẹ́ẹ̀, Àbíkẹ́ kì í sì í parọ́.

Bí Ìyàndá ti gbé owó bodè lọ fún olóyè ní Ìbàdàn nìyẹn, tí olóyè sì ní kó sin òun lọ kí onígbàgbọ́ kan tó ti Sàró dé. Ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin yìí ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Onígbàgbọ́ náà to pákó yí ilẹ̀ ká, ó da erùpẹ̀ dúdú sínú rẹ̀ títí ó fi ga dé orúnkún, ó sì gbin ẹ̀fọ́ sórí rẹ̀. Ṣọ̀kọ̀ ń dán, tẹ̀tẹ̀ ń fẹ̀. Olóyè ja ewé kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ọkùnrin yìí mọ nǹkan."

Háà! Ọ̀rọ̀ kékeré yìí gún Ìyàndá lọ́kàn. Onígbàgbọ́ náà ti ń ṣàlàyé pé àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ òun, pé ìdí tí òun fi gbé ebè òun sókè nìyẹn, pé inú oòrùn ló yẹ kó wà, pé ààtàn tó ti jẹrà lòun pò mọ́ erùpẹ̀. Ìyàndá ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Orúnkún ọkùnrin náà ló ń wò, ó ń fojú wọn ibi tí ebè náà ga dé.

Ó na gbalaja sílẹ̀ níwájú olóyè. "Kí ẹ pẹ́, olóyè! Irú èyí wà nílé mi. Tèmi tiẹ̀ ga jù ú lọ."

Irọ́ funfun báláú! Ewé ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo kò sí nílé Ìyàndá àfi èyí tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Olóyè Akínwándé wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mò ń lọ sí Ọ̀yọ́. Bí mo bá ń bọ̀ nígbà àrọ̀kúrò, ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó ti jẹun ọ̀sán, ẹ̀fọ́ orí ebè rẹ ni n ó sì jẹ. Mò ń wá ẹni tí n ó fi jẹ Baálẹ̀ yín. Ẹni tó bá lè tọ́jú ẹ̀fọ́, bóyá yóò lè tọ́jú èèyàn."

Ìyàndá délé, kò mu omi. Ó pe Yésúfù, ó pe Ṣítù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń bá a ṣí ilẹ̀kùn bodè, ó pe Àbíkẹ́, ó sì kéde pé òun ti di ológbà ẹ̀fọ́.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni Àbíkẹ́ wí. "Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ẹnu ọkọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Èmi náà ni."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká kọ ebè kékeré méjì mẹ́ta sẹ́yìnkùlé níbi tí oòrùn ti ń pa á. Ká kó ààtàn sí i. Bí ẹ bá ṣe é kó ga díẹ̀, omi ò ní dúró sí i. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ̀fọ́ ti yọ."

Ìyàndá wò ó bí ẹni pé ó ní kó lọ jí ewúrẹ́ gbé. "Ààtàn, nídìí ẹ̀fọ́ olóyè! Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i! Àbíkẹ́, dá mi lóhùn: bí koríko bá hù láàárín ẹ̀fọ́ náà, báwo ni n ó ṣe tu ú?"

"Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tu ú ni."

"N ó bẹ̀rẹ̀!" Ìyàndá dìde. "Ẹ gbọ́ o. Èmi Ìyàndá yóò tẹrí ba, n ó tẹ̀ kòlòbà síwájú tẹ̀tẹ̀, àwọn èrò ọ̀nà yóò sì máa wò mí. Ta ni wọn yóò sọ pé mò ń kí? Ta ni ọ̀gá nínú èmi àti tẹ̀tẹ̀?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Yésúfù figbe ta, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Kí ayé máa sọ pé baba wa dọ̀bálẹ̀ fún ṣọ̀kọ̀!"

Ibi tí wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí nìyẹn: ebè ẹ̀fọ́ Oníbodè gbọ́dọ̀ ga dé àyà Oníbodè, kó lè máa tu koríko lóòró gangan bí ọkùnrin. Ẹ̀gbẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀ lẹ́nu bodè ni yóò sì wà, lábẹ́ igi ìyeyè ńlá, nítorí nǹkan ẹni ńlá kì í wà nínú oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin ẹ̀fọ́ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sunkún.

Wọ́n fi ọparun ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká, ó ga, ó gùn, ó fẹ̀ tó yàrá tí ọkọ àti aya lè sùn sí. Wọ́n wo inú rẹ̀, ó ṣófo gbáà. Níbo ni erùpẹ̀ tí yóò kún un yóò ti wá? Ìyàndá ronú títí, ó sì kó gbogbo èrò tó wà lẹ́nu bodè jọ.

"Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀yin ìran tí orí bá ṣe é tí ẹ ń gba iwájú mi kọjá! Oore kan ni mo fẹ́ ṣe fún yín. Láti òní lọ, yàtọ̀ sí owó bodè, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọjá yóò mú agbọ̀n erùpẹ̀ kan wá. Àwọn ọmọ yín yóò máa sọ ọ́ fún ọmọ wọn pé, erùpẹ̀ ìyá wa wà lára ebè Ìyàndá!"

"Oore ńlá!" ni Yésúfù ké.

Títíladé wà níbẹ̀, obìnrin oníyọ̀ kan tó máa ń ti Akínyẹlé bọ̀ lọ́jọọjọ́ ọjà. Igbá iyọ̀ wà lórí rẹ̀, ọrùn ń ro ó. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n ru iyọ̀ kí n tún ru erùpẹ̀ láti Akínyẹlé ni?"

"Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o ti bù ú."

"Ibi tó bá wù mí?"

"Mo ti sọ̀rọ̀!"

Títíladé sọ igbá kalẹ̀. Ó wo ọ̀tún, igbó ni. Ó wo òsì, odi ìlú ló rí, erùpẹ̀ tí àwọn baba ńlá ti kó jọ gègèrè, kò jìnnà sí ẹnu bodè rárá. Ó yá agbọ̀n, ó bu erùpẹ̀ lára odi, ó gbé e fún Ìyàndá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà wò ó, wọ́n ní, ó kúkú yá. Láti ọjọ́ náà lọ, odi Ìdí-Ìyeyè di ibi ìbu-erùpẹ̀ gbogbo èrò ọ̀nà.

Ṣítù ló kọ́kọ́ rí i. Ó sáré wá. "Bàbá, odi ìlú ni wọ́n ń bù o!"

Ìyàndá kò yíjú kúrò lára ebè rẹ̀. "Ṣítù, ṣé erùpẹ̀ ń wọlé?"

"Ó ń wọlé, bàbá."

"Ṣé ebè ń ga?"

"Ó ń ga."

"Kí wá ni ẹnu rẹ ń wá káàkiri?"

Ṣítù padà sídìí ilẹ̀kùn bodè. Ebè ń gòkè, odi ń sọ̀ kalẹ̀, Ìyàndá sì jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, ó kẹ̀yìn sí odi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ tí ebè kún, ó gbin ẹ̀fọ́. Kó tó gbìn ín, ó sọ̀rọ̀ títí àwọn ewúrẹ́ fi dùbúlẹ̀. Ó ní òun kò lè máa wọ́n irúgbìn wínníwínní bí ìyá arúgbó tó ń bọ́ adìyẹ, ó sì da igbá irúgbìn odindi sójú kan. Àbíkẹ́ fọwọ́ bojú. Òun náà ló wá kù tí yóò máa bomi rin ín. Bó bá ju omi sókè, ìdajì a dé orí ebè, ìdajì a padà wá sórí rẹ̀. Bó ṣe ń wẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nìyẹn, tó ń fi ẹnu bú baálé rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ̀fọ́ náà yọ. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó yọ. Ó ṣù jọ sójú kan ṣoṣo, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó tín-ín-rín bí irun ẹnu ológbò. Inú òjìji ló wà, inú erùpẹ̀ odi pupa tí kò ní ọ̀rá kankan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fọrùn pa èkejì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n dùbúlẹ̀, wọn kò sì dìde mọ́.

"Yésúfù," ni Ìyàndá wí jẹ́jẹ́, "báwo lo ṣe rí ẹ̀fọ́ mi sí?"

"Baba, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò rí ẹ̀fọ́ tó jọ ọ́ rí."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu Yésúfù jáde lọ́dún náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí odi. Títíladé ń bu erùpẹ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kan ni ọkọ́ wọlé fàì, ó sì rí adìyẹ kan tó ń jẹ̀ ní ìhà kejì. Ìlú nìyẹn! Ó tẹrí wo inú ihò, ó wo ọ̀nà bodè lọ́hùn-ún, ó ní, "Kí ni mo tún ń wá lọ síbẹ̀?" Ó gbé igbá iyọ̀ rẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó tẹ̀lé e náà gba ibẹ̀. Kò pẹ́ tí ihò fi di ojú ọ̀nà, erùpẹ̀ tó ń ya lulẹ̀ dí yàrà, ẹsẹ̀ èèyàn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irúgbìn ń jábọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ àwọn ọlọ́jà sí etí ibẹ̀, ẹran tí wọ́n ń dà kọjá ń yàgbẹ́ sí i, oòrùn ń pa á, òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ sí i. Ẹ̀fọ́ hù níbẹ̀ láìsí ẹni tó pè é.

Ẹnu bodè wá dá páropáro. Ìyàndá bi Yésúfù pé kí ló dé tí èrò ò kọjá mọ́.

"Ẹ̀rù yín ló ń bà wọ́n, baba. Ògo ebè yìí ò jẹ́ kí wọ́n lè gbójú sókè."

Inú Ìyàndá dùn débi pé ó fún un ní fìlà.

Ìgbà tó yá, ìránṣẹ́ dé: ọ̀la ni Olóyè Akínwándé yóò kọjá. Àga Baálẹ̀ ń bẹ lójú Ìyàndá, orí ebè sì mọ́ bí orí apárí. Yésúfù ní kó fọkàn balẹ̀. Ó sáré lọ sọ́jà, ó ra ẹ̀fọ́ ìdì ìdì, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló sì ń kì wọ́n bọ erùpẹ̀ ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Nígbà tí oòrùn yọ, ebè Ìyàndá tutù yọ̀yọ̀. Ìyàndá fúnra rẹ̀ wò ó, ó sì gbà gbọ́ pé òun lòun gbìn ín.

Ó wọ agbádá méjì lé ara wọn. Ó dúró sẹ́nu bodè, ó dojú kọ ọ̀nà Ọ̀yọ́, ó ń fi ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ dánra wò. Oòrùn gòkè. Ẹ̀fọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wó lulẹ̀.

"Ẹ wò ó, baba!" ni Yésúfù wí. "Wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ fún yín!"

Níbi tí wọ́n wà yẹn, olóyè ti dé ìtòsí odi. Àwọn èrò tó wà níwájú ẹṣin rẹ̀ yà sí ọ̀nà ihò bó ti mọ́ wọn lára, ẹṣin tẹ̀lé wọn. Nígbà tí ẹṣin dé ojú ihò, ó rí tẹ̀tẹ̀ tútù, ó sọ orí kalẹ̀, ó ń jẹ. Olóyè gbójú sókè. Ihò tí ẹṣin mẹ́ta lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ló wà lára odi, láyé ogun, odi tí òun fúnra rẹ̀ ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn n'Ìbàdàn!

Títíladé ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Olóyè bi í pé, "Kí lèyí?"

"Ọ̀nà ni, olóyè. Kí ẹ pẹ́."

"Ta ló la ọ̀nà síbí?"

"Oníbodè ni. Wọ́n ní ká máa bu erùpẹ̀ níbi tó bá wù wá."

"Oníbodè náà dà?"

"Wọ́n wà lẹ́nu bodè lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Bí Olóyè Akínwándé ti gba inú ìlú yọ sẹ́yìn Ìyàndá nìyẹn. Ìyàndá kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin, ohùn ara rẹ̀ ti dí i létí. "Olóyè! Ẹ káàbọ̀ sí bodè tí eṣinṣin kan ò lè gbà kọjá láìjẹ́ pé mo mọ̀! Ojú mi ò kúrò lára odi yín tọ̀sán tòru—"

"Ìyàndá."

Ó yíjú padà. Ó rí olóyè, ó rí ẹṣin, ó rí gbogbo ìlú lẹ́yìn wọn. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Olóyè, ẹ ò tíì dé o!"

"Mo ti dé. Odi mi dà?"

Gbogbo ènìyàn yíjú, wọ́n wo ebè. Yésúfù náà wò ó. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó fi èkejì sẹ́yìn, àfi ìgbà tó bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin olóyè. Ó ní, "Olóyè, ẹnu mi gbẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo bá a wí títí!"

Olóyè nawọ́ láti orí ẹṣin, ó fa ẹ̀fọ́ kan. Ìdì odindi ló tẹ̀lé e, okùn tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi dì í ṣì wà nídìí rẹ̀. Ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Àbíkẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ṣèèṣì ni, ẹ má bá a wí. Olóyè náà gbìyànjú kó le ojú, kò lè ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọrùn ẹṣin mú, ìlú rín in títí àwọn arúgbó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó dájọ́. Ó ní ibi tí èèyàn ń gbà ni bodè, kí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn síbẹ̀, kí wọ́n sì dí ti àtijọ́. Ṣítù tó rí i tó sì sọ ni yóò máa jókòó síbẹ̀ bí oníbodè. Ìyàndá àti Yésúfù yóò ru erùpẹ̀ odi padà sára odi. Ní ti àga Baálẹ̀, ó fi bàbá àgbẹ̀ kan jẹ ẹ́, ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí oko ló wà.

Ó dun Ìyàndá, n kò ní parọ́ fún yín. Ó sunkún àga náà bí ẹni tí wọ́n jí aya rẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ru erùpẹ̀ tán, tí Yésúfù sì ti lọ wá ẹlòmíràn yìn, ilé kò gba ẹni tó ń jókòó lásán. Àbíkẹ́ kọ ebè rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ó ga díẹ̀, ó wà nínú oòrùn, ààtàn jíjẹrà wà nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó rí ọkọ rẹ̀ tó lóṣòó síbẹ̀, ó ń ja èyí tó fún pọ̀ jù dànù. Àbíkẹ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè kí Ìyàndá mọ́ láìgbọ́ nípa ẹ̀fọ́: bó ti ń bomi rin ín ní ìdí, bó ti ń fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ rẹ̀. Ó sú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ náà dára.

Ó dára débi pé Ìyàndá di ìdì mẹ́jọ lọ́jọ́ ọjà Akínyẹlé, ó gbé e rù, ó ń lọ tà á. Ṣítù dá a dúró lẹ́nu bodè tuntun.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Owó bodè ẹ̀fọ́ yín, ìdì méjì ni."

"Ìdì méjì nínú mẹ́jọ!" Ìyàndá sọ ẹrù kalẹ̀ gbì. Inú bí i gidi, inú tó ń bí ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tu koríko. "Ṣítù, ṣé o mọ ohun tójú mi rí lórí ẹ̀fọ́ yìí? Ó dáa, ta ni ìkà ènìyàn tó gbé irú òfin báyìí kalẹ̀?"

Títíladé, tó wà nínú àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀, wo ojú ọ̀run. Ṣítù wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

Ìyàndá tú ìdì méjì sílẹ̀, ó ní kí Títíladé bá òun gbé ìyókù rù, ó sì jáde.